Àga Òfìfo ní Etí Odò Tolliver

Àga aláṣọ kan ni Orrin Tackett gbé sí ààyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì onígi tó wà níbẹ̀, ó fi òkúta tẹ igun rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ odò má baà gbé e lọ, ó wá padà sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀-ilé rẹ̀, mọ́tò tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, ó jókòó, ó ń wo ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin yìí á mọ̀ pé àga yẹn kò yẹ ẹ́.

Ní àgọ́ etí odò Tolliver, àga òfìfo kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Kò sẹ́ni tó ń gba ààyè sílẹ̀ láti ilé níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wa ọkọ̀-ilé rẹ̀ dé ló ni ín. Tí o bá ti sùn síbẹ̀, tí o wá fẹ́ wa ibùsùn àti ilé ìdáná rẹ lọ ra yìnyín nílùú, àga lo máa gbé sílẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ á rí i, á sì kọjá lọ. Àwọn èèyàn yìí lè purọ́ títí dọ̀la nípa bí ẹja tí wọ́n pa ṣe gùn tó, ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ kan àga ẹlòmíràn. Òfin kan ló wà nídìí àga náà, ọmọdé ibẹ̀ gan-an mọ̀ ọ́n: ẹni tó ni ààyè gbọ́dọ̀ ti dé. O ò gbọdọ̀ gba ààyè de ẹni tó ṣì wà lójú ọ̀nà, ì báà ṣe ìyá tó bí ọ.

Ẹni tí Orrin sì gba ààyè dè ṣì wà lójú ọ̀nà. Garrett ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ohun tó wà láàárín bàbá àti ọmọ, kó má di pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Orrin ni alámòójútó àgọ́ yìí. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ààyè tó ń sùn sí nìkan ni èrè ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí bó ṣe ń ṣe é, ẹ ó rò pé wọ́n fi jẹ oyè ni. Ajá ẹnì kan ń rìn láìsí okùn lọ́rùn? Orrin ti dé. Ẹnì kan da omi ìfọwọ́ sórí koríko? Orrin ti dé. Tí ọmọdé bá gba àárín ààyè ẹlòmíràn sá lọ sódò dípò kó gba ojú ọ̀nà, Orrin á dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á ní kó tún un rìn. "Ilé èèyàn ni," á wí. "Kò ní ògiri, àmọ́ ilé ni." Tó bá kan ti jẹnẹrétọ̀, òfin ní kó dákẹ́ láago mẹ́jọ alẹ́. Láago mẹ́jọ, Orrin á dúró sójú ọ̀nà, á na etí.

Ọdún yẹn ni Garrett kó ìyàwó rẹ̀, Thea, àti ọmọbìnrin wọn, Josie, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìhà etí odò, níbi tí kò sí iná, ni wọ́n ti rí ààyè. Aago mẹ́jọ kọjá, jẹnẹrétọ̀ wọn ṣì ń dún. Àwọn aládùúgbò ti gbójú sókè lórí àga wọn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òfin á mọ ọmọ alámòójútó. Orrin náà mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní kí Garrett pa á. Garrett ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀." Orrin fèsì, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ayé lè gbọ́, ó ní kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni, kó pa á tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ọmọ wo bàbá rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó wa ọkọ̀ jáde. Ọjọ́ kejì ni Thea tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù: ikọ́ fée ló gbé Josie, tìtorí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ oògùn sí i lẹ́nu ni wọ́n ṣe tan jẹnẹrétọ̀. Ilé epo kan lójú títì ni wọ́n ti wá rí iná lò fọ́mọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Orrin fi iṣẹ́ alámòójútó sílẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó pè é títí, Garrett kò gbé e. Àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọmọ tó ti wa mọ́tò lọ ńkọ́, ọwọ́ wo lo fẹ́ nà tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni Thea tún kọ̀wé sórí fóònù. "A máa gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, ilé ìyá mi ní Arkansas là ń lọ. Garrett ní tí ààyè bá wà létí odò, ká sùn síbẹ̀. Tí kò bá sí, a máa lọ tààrà. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ fún yín." Bẹ́ẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ìsinmi òṣìṣẹ́ ni, ìgbà tí gbogbo ará ìpínlẹ̀ Missouri ń wá odò tí wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ̀. Bí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, àgọ́ á ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ìdí àga nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe?

Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ kọjá. Wọ́n rọra wo àga, wọ́n rọra wo Orrin, wọ́n juwọ́ sí i, wọ́n bá tiwọn lọ. Orrin juwọ́ padà, ọwọ́ náà wúwo.

Bernadine Pruitt ló tẹ̀lé wọn, ó gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rẹ̀. Òun ni alámòójútó báyìí, opó ni, ẹnu rẹ̀ kò sì gbófo.

"Ẹ̀gbọ́n Orrin, ẹ kú ìjókòó."

"Bernadine."

"Ta ló ni àga yẹn?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀ gàdàgbà. Ta ló ń jókòó lórí ẹ̀ ni mò ń bi yín."

Orrin wo odò. Omi ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí òkúta, kò bá a dá sí i.

"Garrett ni?" Bernadine béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Orrin mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà fọwọ́ nu ojú. "Ojú ń dùn mí láti àárọ̀," ó ní. "Mi ò rí àga kankan. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí wọn ò tíì dé, bóyá ojú mi á ti là nígbà yẹn. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà nípò mi ni, ẹ̀ bá ti jù ú sódò."

"Mi ò ní jù ú sódò. Òfin ò gbà ká ju nǹkan sódò."

Bernadine rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi mì, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Oòrùn mú. Nígbà tó yá ni obìnrin kan wa mọ́tò dé, ó so ọkọ̀-ilé kékeré kan tó ti gbó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú sórí pátákó ọkọ̀. Wọ́n yí àgọ́ po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un yí. Nígbà tí wọ́n tún dé, obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó rìn wá dé etí ààyè Orrin, ó sì dúró gbọnrangandan lójú ọ̀nà, kò tẹ koríko. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

"Ẹ káàsán, sà. Marva lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà níbí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Orrin ní. "Ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Háà, mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé o. Ẹ gbádùn odò yín."

Kò janpata. Kò wo àga náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbà á gbọ́ bí èèyàn ṣe ń gba àgbàlagbà gbọ́. Bó ti ń wọ mọ́tò, Orrin gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Etí bàbá náà kò gbọ́ràn mọ́, igbe ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé ibí ni?"

"Rárá, Dádì. Ẹnì kan wà níbẹ̀."

"Ta ni? Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n á ti lọ ra nǹkan nílùú ni. Wọ́n ti gbé àga sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Orrin ju bí ẹni pé obìnrin náà bú u lọ. Òun purọ́, ẹni tó purọ́ fún sì ń bá a tún irọ́ náà ṣe. Ó rí wọn tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ níbi tí kò sí ibòji, tí Marva ń fi pépà fẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń gé búrẹ́dì fún un. Ó yí àga tirẹ̀ síbòmíràn kó má baà rí wọn. Ó tún yí i padà.

Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Tóun bá gbé àga kúrò, Garrett á dé, á rí i pé àgọ́ ti kún, á forí lé Arkansas, ta ló sì mọ ọdún tí wọ́n tún máa gba ibí kọjá. Tóun kò bá gbé e, bàbá ẹlẹ́sẹ̀ wíwú yẹn ló máa sùn lójú títì. Èyí tó wá dùn ún jù ni èyí: lọ́jọ́ tó lé ọmọ rẹ̀, gbogbo ojú ló wà lára òun, òun sì ṣe ohun tí kò dáa. Lónìí, kò sí ojú kankan lára òun, òun tún ń ṣe ohun tí kò dáa. Ṣé òfin ló ń dá òun láàmù ni, àbí òun fúnra òun?

Ibẹ̀ ló ti wá rántí ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ rò. Ààyè tòun fúnra òun ńkọ́? Kí ló dé tóun kò fi ti òun sílẹ̀ fọ́mọ òun? Ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀. Ó fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Ó fẹ́ jí kó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń se kọfí, kó máa gbóhùn ọmọ. Ojúkòkòrò ni, ojúkòkòrò àgbà tó ti dá wà pẹ́.

Ó dìde, ó ká aṣọ tábìlì, ó gbé àga, ó rìn gba ojú ọ̀nà lọ bá Marva.

"Ẹ máa bọ̀," ó ní. "Kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo purọ́ fún yín."

Marva wò ó, ó wo àga tó gbé dání, kò sì bi í léèrè kankan. "Ẹ ṣé, Bàbá," ló sọ.

Bernadine gbé pátákó ÀGỌ́ TI KÚN kọ́ ẹnu ọ̀nà. Orrin sọ fún un pé tí Garrett bá dé, kó sọ fún un pé ààyè òun wà nílẹ̀ fún un. Bernadine ní òun gbọ́. Kò pẹ́ sí i, ajá méjì bẹ̀rẹ̀ ìjà ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì pè é síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kù lẹ́nu ọ̀nà àfi pátákó.

Orrin dúró lẹ́yìn ọkọ̀-ilé Marva, ó ń fọwọ́ júwe fún un bó ṣe máa fẹ̀yìn wọlé. Máa bọ̀, máa bọ̀, yí i sọ́tùn-ún, máa bọ̀. Ó gbójú sókè báyìí, ọkọ̀-ilé funfun kan ti dúró níwájú pátákó. Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lókè, nítorí èèyàn kì í fi ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kó má baà wa ọkọ̀ rẹ̀ lu igi. Máa bọ̀. Díẹ̀ sí i. Dúró. Ó tún gbójú sókè. Ọkọ̀ funfun náà ti ń yí orí padà.

Ọ̀nà àgọ́ yí po bí ìrù ajá ni. Tí Orrin bá gbà á, Garrett á ti dé orí afárá tó wà níta àgọ́ kóun tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà tó yá wà, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n: àárín ilé onílé ni.

Orrin Tackett wọ àárín ilé onílé. Ó sáré, bí ẹni àádọ́rin ọdún ṣe lè sáré. Ó fo họ́ọ̀sì omi ẹnì kan, ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá, ó gba àárín ọ̀pá ìdẹja kọjá, ó ń wí pé, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó já sáàárín ìdílé Buse níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja àrọ̀ díndín. Lonnie Buse, tí Orrin ti bá wí nígbà kan rí nítorí ajá, dìde tòun ti fọ́ọ̀kì.

"Bàbá Tackett, ọ̀nà ń bẹ níbẹ̀ yẹn o. Kò ní ògiri, àmọ́ ilé ni."

"Òótọ́ lo sọ," Orrin ní, ó ti wà nílé ẹlòmíràn.

Ọlọ́run ṣe é, ẹnu ọ̀nà kò fẹ̀. Garrett kò lè yí ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní láti fẹ̀yìn, kó tún síwájú. Ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni Orrin bá a, ó di irin dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Garrett yí gíláàsì sílẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun. Orrin kò rò ó rí pé irùngbọ̀n ọmọ òun lè funfun.

"Mo rí bàbá kan nínú dígí," Garrett ní. "Ó ń fo họ́ọ̀sì. Thea ní ẹ̀yin ni. Mo ní rárá, bàbá mi kì í gba ilé onílé kọjá."

"Èmi ni."

"Wọ́n ní àgọ́ ti kún."

"Ààyè tèmi wà. Ẹ gba tèmi. Màá gbé ọkọ̀ mi lọ sí pápá ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà." Ó mí. "Garrett, mi ò béèrè. Mo kan ilẹ̀kùn yín, mi ò béèrè ohun tó ń ṣe yín. Ojú àwọn aráyé ni mò ń wò. Mo ṣẹ̀ yín."

Garrett gbé ọwọ́ méjèèjì sórí ìdarí ọkọ̀, ó ń wo iwájú. Ẹ̀yìn wọn ni mọ́tò kan ti dúró, awakọ̀ rẹ̀ ń dúró dè wọ́n, kò fọn fèrè.

"Ẹ ṣẹ̀ wá lóòótọ́," Garrett ní. "Ọmọ ń dákú lọ́wọ́ mi nínú ilé epo yẹn. Mo ní tí mo bá tún bá yín sọ̀rọ̀, kí wọ́n yí orúkọ mi padà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́ tán. Mo ṣì ń bínú."

"Máa bínú. Ṣùgbọ́n má lọ."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi á mọ bí díẹ̀ yẹn ṣe gùn tó.

"Ẹ bọ́ sẹ́yìn," Garrett wí. "Ẹ dúró síbi tí mo ti lè rí yín nínú dígí. Mi ò mọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí mọ́."

Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn. Orrin wa tirẹ̀ jáde, ó gbé e sí pápá. Bernadine dé láti ibi ìjà ajá, ó ní mọ́tò lè dúró níbẹ̀, èèyàn ni kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Thea ní kò burú, ibùsùn kan wà lókè orí awakọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kí Dádì máa bọ̀ tó bá lè gòkè. Garrett kò bá wọn dá sí i, àmọ́ kò ní rárá. Aṣọ ìkélé ni wọ́n fà bo ibi tí Josie sùn sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni Orrin rí, ìbọ̀sẹ̀ kan wà níbẹ̀, ìkejì ti bọ́. Wọ́n ní kó má jí i, kò fara balẹ̀ sùn lálẹ́ àná, ó ti ń húkọ́ láti ọ̀sán.

"Tó bá jí, a máa ní láti tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ rẹ̀, kò sí iná níhà yìí," Thea ní. "Ó lè kọjá aago mẹ́jọ."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Garrett ń pọn omi, kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Orrin bọ́ sí ojú ọ̀nà. Ilé mẹ́fà tó yí wọn ká, ó lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró létí koríko títí wọ́n á fi ní kó wọlé, ó tọrọ àforíjì pé òun gba àárín ilé wọn kọjá, ó wá sọ fún wọn pé jẹnẹrétọ̀ lè dún ju òfin lọ, ọmọ ọmọ òun ni ara rẹ̀ kò yá, kí wọ́n jọ̀ọ́ fara dà á. Marva ní kó má tilẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmù. Bàbá rẹ̀ ní òun kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kankan láti ọdún márùn-ún.

Ilé Buse ló fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ibẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù jù. Lonnie jókòó, ó nà sẹ́yìn, ó ń wò ó bó ṣe ń bọ̀.

"Wọ́n tún dé," Lonnie ní. "Ọ̀nà ni wọ́n gbà lọ́tẹ̀ yìí o."

Orrin sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ikọ́ ọmọ, ẹ̀rín kúrò lójú Lonnie, ó jókòó dáadáa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́rin," Orrin dáhùn. Kò tilẹ̀ rò ó.

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó yíjú sí ọkọ̀-ilé ọmọ rẹ̀, níbi tí ikọ́ kékeré kan ti ń jáde báyìí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Rárá," ó ní. "Mẹ́fà. Ó ti pé mẹ́fà."